Ọjọ́ Ajé Kejì: Ohun Tó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó Ra Fúláàtì ní Sùúrùlérè

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Èkó)

Owó tí ẹ ti ń dá díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá ti di owó gọbọi, èyí tí àwọn kan nínú yín fẹ́ fi ra fúláàtì ní Sùúrùlérè àti ní àwọn àdúgbò tó yí i ká. Akọ̀wé yín sọ fún mi pé àwọn agbẹjọ́rò ti wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìwé ilẹ̀, pé àwọn ejẹ́ǹtì náà sì ti wá pẹ̀lú àwòrán ilé mèremère, ṣùgbọ́n pé kò tíì sí ẹni tó wá sọ fún yín bí yóò ti rí nígbà tí ènìyàn bá jí ní ọjọ́ Ajé kejì tó kó dé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ń sunkún, tí omi kò yọ, tí ọkọ̀ ẹlòmíràn sì dábùú ẹnu géètì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé náà ni mo wá sọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san owó ilé, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń san owó ìgbé inú rẹ̀. Owó kejì yìí kì í sí nínú ìwé tí ejẹ́ǹtì ń gbé lé ni lọ́wọ́, náírà nìkan sì kọ́ ni a fi ń san án, nítorí oorun ń bẹ nínú rẹ̀, àkókò ń bẹ nínú rẹ̀, ìrẹ́pọ̀ tọkọtaya pàápàá ń bẹ nínú rẹ̀. Ayálégbé tí ìgbé ibì kan kò bá lára mu yóò mú sùúrù kí ọdún rẹ̀ pé, yóò sì di ẹrù rẹ̀. Ẹni tó fi owó ogún ọdún ra ilé kò ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò jókòó ti ìyọnu rẹ̀, tí yóò máa sọ fún àlejò pé ibẹ̀ dára.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun ní Sùúrùlérè. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, ó sì pa ènìyàn púpọ̀ kí apá tó ká a. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba ìgbà náà dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB, kí ó máa tún ìlú tò, kí ó máa la òpópónà, kí ó sì máa wó àwọn ilé tó há pọ̀ jù. Nígbà tí ó di 1955, àjọ kan náà gbé ètò ńlá kalẹ̀ láti wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé ní àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè. Bí àlejò bá fi ojú lásán wò ó, kò sí ohun tí ènìyàn ìbá fi ṣọ̀fọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ilé náà jẹ́ tuntun, ó wà létòlétò, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Kí ni a ń wá tó ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris, ẹni tó fara balẹ̀ bá àwọn tí a kó lọ àti àwọn tí a kò tíì kó sọ̀rọ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn náà ní 1961, ohun tó sì rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri tàbí òrùlé rárá. Ó rí i pé oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí oníbàárà wọn wà ní àyíká agbo ilé pàdánù àwọn oníbàárà náà. Ó rí i pé owó ọkọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ ti wá ń jẹ nínú owó oúnjẹ. Ó sì rí i pé ẹbí tí ń rí ara wọn láàárọ̀ lálẹ́, tí ń bá ara wọn gbé ọmọ, tí ń yá ara wọn lówó, ti wá di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó lè kí ara wọn. Ilé dára, ìgbé ibẹ̀ ni kò bá wọn lára mu. Àwọn wọ̀nyẹn kò sì ní yíyàn, nítorí ìjọba ló wó ilé lé wọn lórí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi ní yíyàn, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní bá yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Sùúrùlérè òde òní kì í ṣe ẹ̀yìn ìlú mọ́, nítorí ìlú ti gbòòrò kọjá rẹ̀, ó sì ti di oríta tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Bí ẹ bá rìn ní àwọn òpópónà tó wà lẹ́yìn Adéníran Ògúnsànyà tàbí Bọ̀dé Thomas, ẹ ó rí i pé ilé ilẹ̀ tí ìdílé kan tàbí méjì ń gbé láyé àtijọ́ ni a ń wó, tí a sì ń fi ilé alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin rọ́pò, tí fúláàtì mẹ́jọ tàbí méjìlá ń bẹ nínú rẹ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Ilẹ̀ kì í fẹ̀, ọmọ ènìyàn ní ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó wà níwájú ilé náà kò fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tiransifọ́mà tó wà ní igun òpópónà kò tóbi sí i, àyè tí a ń gbé ọkọ̀ sí sì ni èyí tí a fi sílẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé bàbá kan ṣoṣo ló ní mọ́tò ládùúgbò. Mo gbà pé inú nǹkan kan yìí ni púpọ̀ nínú ìyọnu ojoojúmọ́ ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra fúláàtì kò gbọdọ̀ ka iye yàrá tó wà nínú tirẹ̀ nìkan. Kí ó ka iye ilẹ̀kùn tó wà ní gbogbo òpópónà, kí ó sì ka iye ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́, nítorí àwọn tí yóò bá a pín omi, iná àti ọ̀nà lọ́dún mẹ́ta sí i kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀nà, nítorí òun ni ejẹ́ǹtì máa ń fi ń pọ́n ilé. Wọn yóò sọ pé láti Ojúẹlẹ́gbà dé Ìdúmọ̀tà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, wọn kì í sì í purọ́, bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kí ó wọ dáńfó láti ẹnu òpópónà náà gan-an ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó sì padà ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà tí òjò bá ń kùn. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń lo wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, wákàtí 15 ni lọ́sẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 48 nínú ọdún, ó di 720, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ọjọ́ tọ̀sán-tòru. Oṣù kan gbáko nínú ọdún ni ẹni náà fi jókòó sínú ọkọ̀, tí kò sùn, tí kò ṣiṣẹ́, tí kò rí ọmọ rẹ̀. Bí fúláàtì kan bá fi mílíọ̀nù díẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n tí ó dá ìdajì oṣù yìí padà fún ni, èmi kò ní pè é ní ọ̀wọ́n.

Ohun kan ti yí padà ní ẹ̀gbẹ́ wa yìí tí àwọn ejẹ́ǹtì kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kà sí, ìyẹn ni ọkọ̀ ojú irin. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni ti aláwọ̀ búlúù ti ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2, tí ó ń dúró ní Orílé àti ní Theatre. Láti oṣù kẹwàá 2024 sì ni ti aláwọ̀ pupa ti ń ná Àgbádó sí Òyìngbò, tí Múṣín àti Yábàá wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Fúláàtì tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀kan nínú àwọn ibùdókọ̀ wọ̀nyí yẹ kí ó níye lórí lójú yín ju èyí tí a fi máábù tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo ní kí a fi ẹsẹ̀ rìn ín, n kò ní kí a fi ojú inú rìn ín. Kí ẹ wò bóyá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà, bóyá àwọn ọmọ ìta kì í dúró sí abẹ́ bíríjì ní alẹ́, bóyá ọmọbìnrin yín lè gba ibẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀.

Omi làbùwẹ̀, omi làbùmu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Láyé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ ti ń ti Ìjù wá sí Èkó, ṣùgbọ́n ilé tuntun tó gbẹ́kẹ̀ lé e ní Sùúrùlérè lónìí ṣọ̀wọ́n. Bọ́ọ̀hóò ni gbogbo wọn ń gbẹ́. Ejẹ́ǹtì yóò ṣí ẹ̀rọ omi níwájú yín, omi yóò sì tú jáde wàá, inú yín yóò dùn. Omi inú táńkì nìyẹn. Ẹ bèèrè pé, nígbà tí iná kò sí, ta ní ń ra epo tí a fi ń fa omi sókè, ọjọ́ mélòó ni omi náà sì máa ń tó gbogbo fúláàtì? Ẹ bu omi náà sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wò bóyá yóò pọ́n bí ìpẹtà. Ẹ wo ibi tí sókàwéè wà sí bọ́ọ̀hóò, kí ẹ sì wo ti ilé kejì pẹ̀lú, nítorí àwọn onímọ̀ ìlera a máa fẹ́ kí nǹkan bí 30 mítà wà láàárín wọn, ní Sùúrùlérè wa yìí sì rèé, gbogbo ilẹ̀ tí ilé kan dúró lé lórí lè má gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ẹ ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dúró sí òpópónà náà láàárọ̀ kùtù. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé kẹ̀kẹ́ àwọn mẹ́ruwà ń tò wọlé, tí àwọn ọmọ ń gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ní ti iná mànàmáná, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí gbogbo wa ni a mọ ìyà rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ti pín ojú ọ̀nà iná sí ìpele márùn-ún: A, tó yẹ kí ó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, àti E fún 4. Láti oṣù kẹrin 2024 ni owó ìpele A ti fò kọjá 200 náírà fún ẹyọ kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òpópónà méjì tó kọjú síra lè wà lórí ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìdílé kan máa sanwó gọbọi kí ó sì rí iná, kí ìdílé tó kọjú sí i máa sun jẹnẹrétọ̀. Ẹ bèèrè ìpele ilé náà, kí ẹ bèèrè bóyá fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀, kí ẹ sì wo ìwé owó tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ rà kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní ìwé rẹ̀ ti sọnù, ẹ máa wò ó.

Ariwo ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀, nítorí òun ni ó ń lé ènìyàn kúrò nínú ilé tó rà ju ìyọnu mìíràn tí mo mọ̀ lọ. Àwọn ejẹ́ǹtì gbọ́n. Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń mú ènìyàn lọ wo ilé, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ilé ìwé, tí àga ilé ọtí dorí kodò lórí tábìlì, tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo sì tutù níbi tó wà. Ìdákẹ́jẹ́ náà yóò wá dà bí ẹni pé a ra á mọ́ ilé. Ẹ padà lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ó gbọ́ àwọn tí ń ṣe àìsùn àdúrà, ẹ ó gbọ́ ilé ọtí tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, ẹ ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ mẹ́jọ tí olúkúlùkù ń fi ohùn tirẹ̀ kọrin, bí ilẹ̀ bá sì ń mọ́ ẹ ó gbọ́ ìpè àdúrà àti agogo ìjọ àti oníbúrẹ́dì tí ń kígbe. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan tí ń jẹ́ LASEPA tó ń ṣọ́ ariwo, ó sì ní òdiwọ̀n tí kò yẹ kí ariwo kọjá lọ́sàn-án àti lóru ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a sì máa ti ilé ọtí àti ilé ìsìn pa nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló fẹ́ kí orúkọ òun kọ́kọ́ hàn ní àdúgbò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mú ìjọba wá ti mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì pa? Àwọn yẹn ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn baba wa tó pa òwe yìí gbé nínú agbo ilé, wọ́n sì ní ẹnu láti bá ará ilé wọn wí. Ẹ̀yin kò tíì ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ ti jẹ́ àlejò, nítorí náà etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò.

Ariwo náà kì í sì í ti ìta wá nìkan. Nínú ilé alájà, ilẹ̀ tí ẹnìkan ń tẹ̀ ni òrùlé ẹlòmíràn. Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà níhìn-ín tí ọjọ́ Àìkú wọn kò pé bí a kò bá gbọ́ ìró odó. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tí ọmọ odó ń ṣe sí orí ẹni tó ń sùn ní ìsàlẹ̀ yín. Mo mọ ìdílé méjì tí kò kí ara wọn mọ́ nítorí iyán. Ẹ ronú sí àgbò Iléyá pẹ̀lú: níbo ni a ó so ó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, níbo ni a ó ti dúńbú rẹ̀, ta ni yóò fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò ní ojú ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀? Bí Ọlọ́run bá fi ọmọ ta yín lọ́rẹ, níbo ni a ó pa àtíbàbà sí ní ọjọ́ ìkómọ, nígbà tí ọkọ̀ mẹ́wàá ti kún inú ọgbà, tí òpópónà sì jẹ́ ti ọkọ̀ tí ń sá fún sún-kẹrẹ? Ìyá àgbà tí yóò wá wẹ ọmọ, ṣé orúnkún rẹ̀ yóò gbé e dé àjà kẹta? Ejẹ́ǹtì tí yóò bi yín ní irú ìbéèrè wọ̀nyí kò tíì dáyé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí èyí tó ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ nínú ayé ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ máa jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú fúláàtì rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ọkùnrin wí díẹ̀, kí wọ́n má bínú. Àṣà burúkú kan wà láàárín wa, pé ọkùnrin yóò lọ ra ilé ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè fi ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó máa ń yà á lẹ́nu lóòótọ́. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ẹni mẹ́fà ló mọ̀ pé ilé ìdáná tí àpò gàrí àti sílíńdà gáàsì bá ti wọ̀, tí ènìyàn kò sì rí àyè yí ara padà mọ́, kì í ṣe ilé ìdáná. Òun ló mọ̀ pé níbi tí kò bá sí ibi tí a lè sá aṣọ sí, inú yàrá ni aṣọ tútù yóò ti máa rùn. Òun ló mọ̀ bí ọjà Tẹ́júoṣó tàbí ti Láwáńsọ̀n ti jìnnà sí ni tó bí a bá gbé ọmọ pọ̀n. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ wò ó, kí ọkọ sì jẹ́ kí ìyàwó sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tó wúwo jù lọ nínú fúláàtì, ìyẹn ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò dá ni. Ẹni tó ra ilé ilẹ̀ mọ̀ pé òun ló ni òrùlé. Ẹni tó ra fúláàtì ní ìsàlẹ̀ kò rò pé òrùlé kan òun, ẹni tó wà lókè pátápátá sì gbà pé kò yẹ kí òun nìkan tún un ṣe. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ṣe gómìnà láti 1979 di ìparí 1983, ó kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tó sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di onílé. Iṣẹ́ ńlá ni, ìtàn kò ní gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo púpọ̀ nínú àwọn ọgbà náà lónìí: inú fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń dán, nítorí olúwa rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, nígbà tí àtẹ̀gùn, gọ́tà ẹ̀yìn ilé àti ògiri ìta, tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ti di èyí tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú. Ohun tí ń wó ilé alájà díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìjì. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó fúláàtì, ẹ béèrè pé ǹjẹ́ àwọn onílé ibẹ̀ ní ẹgbẹ́, ǹjẹ́ ẹgbẹ́ náà ń ṣe ìpàdé, ta ni akápò rẹ̀, èló sì ni owó ìtọ́jú ọgbà tí àwọn ejẹ́ǹtì ń pè ní sáfíìsì ṣáàjì? Ẹ ní kí a fi ìwé owó hàn yín. Bí fúláàtì mẹ́ta nínú mẹ́jọ kò bá ti san owó fún ọdún méjì, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín, ni wọ́n ń retí láti wá ra póòm̀pù tuntun. Bí ẹ bá sì rí ibi tí ìwé owó mọ́, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ìpàdé tí wọ́n sì ń wá, kódà bí ọ̀dà ilé náà ti ṣí, ẹ má yára kọjá níbẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀dà ni làpálàpá, ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń kùn ún.

Ní ti omíyalé, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé kì í ṣe gbogbo Sùúrùlérè ló ga. Apá Ìtirè, Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó àti Àgùdà sún mọ́ kanáàlì, omi a sì máa yọ wọ ilé ní àwọn ibì kan níbẹ̀ bí òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje bá le. Ẹ lọ wo ilé ní ìgbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá bá yín lẹ́nu rẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri àwọn ilé tó wà níwájú àti lẹ́yìn, nítorí omi a máa fi àmì sílẹ̀, ọ̀dà tuntun tó sì dúró sí ìwọ̀n orúnkún nìkan, tí kò gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní ohun tó ń pa mọ́. Ní ti agbára ilé fúnra rẹ̀, ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní ogójì, kò sí ní àdúgbò tálákà, àwọn tó ń kọ́ ọ kò sì ní in lọ́kàn láti tà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí ìjọba fi gbà kí a kọ́ ilé náà, kí ẹ sì ka àjà tí ìwé wí àti àjà tí ojú yín rí. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ jáde.

Àwọn agbẹjọ́rò ti bá yín sọ̀rọ̀ ìwé, n kò ní tún un sọ. Kìkì pé òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí à ń pè ní C of O kì í sábà ju ọdún 99 lọ, pé ọdún náà sì ti ń lọ kí ẹ tó dé. Ilé tó bá dúró lórí ìwé tí a gbà ní 1980, ọdún 2079 ni ìwé náà yóò parí, kì í ṣe ọdún 99 sí ọjọ́ tí ẹ̀yin sanwó. Ẹ fi èyí sínú ìdúnàádúrà.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí àyè bá gbà kí ó yá ilé gbé ní òpópónà náà fún ọdún kan kí ó tó rà, kódà bí ó jẹ́ yàrá kan àti pálọ̀, kí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan bá a níbẹ̀; owó tí yóò fi san háyà yóò kéré sí owó àbámọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó ilé ń fò, pé ẹni tó bá dúró ọdún kan lè máà bá a níye tó fi sílẹ̀ mọ́, nítorí náà n kò ní sọ ọ́ di òfin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó di òfin, alága, wà ní ìkáwọ́ ìgbìmọ̀ yín. Ní báyìí, ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ yá owó ilé ń mú ìwé ilẹ̀ wá, ó ń mú onídùúró méjì wá, a sì ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún un. Mo dá a lábàá pé kí ìgbìmọ̀ máa yan ẹni méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, tí yóò lọ sí òpópónà náà láìsọ fún ejẹ́ǹtì, lẹ́ẹ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti lẹ́ẹ̀kan ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, kí wọ́n bá ẹni mẹ́ta tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀kan lára wọn kí ó jẹ́ ayálégbé, nítorí ayálégbé kò ní ilé tí yóò tà, kì í sì í bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sí ojú ewé kan: omi, iná, ariwo, gọ́tà, ọ̀nà, ìwé owó ọgbà. Kí akápò má fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì kankan títí ojú ewé náà yóò fi wà nínú fáìlì, kí ẹgbẹ́ sì san owó ọkọ̀ àwọn méjèèjì láti inú owó ìforúkọsílẹ̀. Bí alága bá gbà á láàyè, a lè dìbò lé e lórí kí a tó lọ jẹun, nítorí mo gbọ́ pé ẹni mẹ́rin ló ti kọ̀wé fún owó ilé nínú oṣù yìí.